Fort William àti òkè Ben Nevis nígbà òtútù: ṣé ó yẹ kí a lọ?

Arìnnà:

Ẹ̀yin ará, mo kí i yín gbogbo. Èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, a sì ní ìsinmi ráńpẹ́ kan tí a lè mú nígbàkigbà láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta. Fort William, ìlú kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Ben Nevis ní Skọ́tlándì, ni ọkàn wa fà sí. Gbogbo àwọn tí a mọ̀ tí wọ́n lọ síbẹ̀ ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ ló ń ṣàròyé ohun kan náà: èrò rẹpẹtẹ lójú ọ̀nà òkè, yàrá tó wọ́n bí ojú, àti kantíkantí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn dúró gbádùn ibi tó ń wò. A rò pé bí a bá lọ nígbà tí àlejò ti dínkù, a ó bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ìyẹn.

Ara wa le, a sì máa ń rìn jìnnà, ṣùgbọ́n a kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ òkè tí òjò dídì bò rí. Ǹjẹ́ a lè gun Ben Nevis dé téńté ní àsìkò yẹn? Oṣù wo ni ẹ máa gbà wá nímọ̀ràn láti mú? Bí òkè náà kò bá sì ṣeé gùn, ṣé ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó tó kí ènìyàn rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ nítorí rẹ̀?

Àgbà_Òkè:

Ẹ káàbọ̀, Arìnnà. Ìbéèrè yín kejì àti ìkẹta rọrùn, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni yóò pinnu ohun gbogbo, nítorí náà ibẹ̀ ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sí.

Ben Nevis ni òkè tó ga jù lọ ní Brítéènì, 1,345 mítà sì ni gíga rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa àwọn òkè Yúróòpù tó ju 4,000 mítà lọ lè fojú tín-ín-rín iye yìí, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú òkun dọ́gba, tí ó fi jẹ́ pé kò sí ìdá kan nínú gíga yẹn tí ọkọ̀ yóò bá yín gùn. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn sábà máa ń gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní Mountain Track, bẹ̀rẹ̀ nínú àfonífojì Glen Nevis, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kìlómítà 16 tàbí 17. Nígbà ẹ̀rùn, wákàtí 7 sí 9 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lórí rẹ̀. Ní àárín oṣù kejìlá, oòrùn kì í yọ ní Fort William títí di nǹkan bí agogo 8:50 òwúrọ̀, yóò sì ti wọ̀ ní nǹkan bí agogo 3:40 ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kò pé wákàtí 7. Ẹ rí i pé ojúmọ́ kan kò tó ìrìn náà, bí ọ̀nà ì bá tilẹ̀ gbẹ fúrúfúrú, bẹ́ẹ̀ kì í gbẹ.

Òtútù ló tẹ̀ lé e. Bí a bá gun 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ a máa tutù sí i ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 tàbí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó bá fi ìlú sílẹ̀ ní ìwọ̀n 5 yóò bá òkè ní ìsàlẹ̀ òdo, kí a tó wá ka ẹ̀fúùfù líle tó ń fẹ́ níbẹ̀, tó ń mú kí òtútù náà ro ara ju bí ó ti rí lórí òṣùwọ̀n lọ.

Síbẹ̀, ewu tó ga jù kò sí nínú òtútù. Orí Ben Nevis tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀gbun sì yí i ká. Ní ìhà àríwá, òjò dídì a máa yọ etí síta kọjá bèbè àpáta, tí ẹni tó dúró lórí rẹ̀ yóò rò pé ilẹ̀ ni òun tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé òfuurufú lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìkúùkù bá bo ibẹ̀, tí ilẹ̀ funfun, tí ojú ọ̀run náà sì funfun, ènìyàn kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ òkè náà fi ń há ìwọ̀n kọ́ńpáàsì rẹ̀ sórí: láti òpó tó wà ní téńté, ìwọ̀n 231 orí máàpù fún 150 mítà, lẹ́yìn náà ìwọ̀n 282. Bí o bá yà sí ọ̀tún jù ní apá àkọ́kọ́, Gardyloo Gully, ọ̀gbun kan, ń dúró dè ọ́. Bí o bá yà sí òsì jù ní apá kejì, ọ̀gbun mìíràn, Five Finger Gully, ni. Ẹni tí kò bá lè rin ìwọ̀n yẹn pẹ̀lú máàpù àti kọ́ńpáàsì nínú ìkúùkù, tí kò sì lè mọ̀ ìgbà tí òun ti rin 150 mítà, kò ní ohun tó ń ṣe lókè níbẹ̀ nígbà òtútù àyàfi bí ó bá tẹ̀ lé ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé kí ẹ lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi téńté Ben Nevis ṣe ìdí ìrìn àjò yín.

Ẹlẹ́sẹ̀líle:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Àgbà, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ máa dẹ́rù ba ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo wà lórí òkè yẹn ní oṣù kẹta, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, òjò dídì le lábẹ́ ẹsẹ̀, mo sì rí àwọn erékùṣù tó wà lójú òkun ní ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gùn ún lọ́jọ́ náà. Àwọn irin eléyín tí a ń so mọ́ abẹ́ bàtà, èyí tí wọ́n ń pè ní crampons, àti àáké yìnyín, gbogbo rẹ̀ ni ènìyàn lè yá nílé ìtajà ní Fort William. Tọkọtaya tó lókun, tó sì mú ọjọ́ tó dára, lè gùn ún. Ohun tí mo gbà ni pé oṣù kejìlá kò dára nítorí pé ojúmọ́ kúrú.

Àgbà_Òkè:

Ẹlẹ́sẹ̀líle, mo gbà pé ẹ rí ohun tí ẹ sọ pé ẹ rí. Ọjọ́ kan tó dára kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ọjọ́ kejì rẹ̀, pàápàá lórí òkè tí omi tó ń rọ̀ sí orí rẹ̀ lọ́dún lé ní 4,000 mìlímítà. Irinṣẹ́ tí ẹ dárúkọ, yíyá wọn kọ́ ni iṣẹ́, mímọ̀ wọ́n lò ni. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ lórí òjò dídì tó le, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré ni ènìyàn ní láti yí ara padà, kí ó sì fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ tẹ ẹnu àáké yẹn mọ́ ilẹ̀ kí ó tó di pé kò ṣeé dá dúró mọ́. Ọwọ́ tí kò tíì fi ìyẹn dánra wò níbi tí kò léwu kò ní mọ̀ ọ́n ṣe lójijì. Irin abẹ́ bàtà náà sì máa ń kọ́ mọ́ ṣòkòtò ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rìn, òun fúnra rẹ̀ a wá di ohun tó gbé ènìyàn ṣubú.

Ọ̀rọ̀ òjò dídì tó ń ya lulẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè náà wà níbẹ̀. Ibi tó dagun ní ìwọ̀n 30 sí 45 ni ó ti sábà máa ń ya, ẹ̀fúùfù ló sì máa ń kó o jọ síbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé òjò dídì lè má rọ̀ rárá lọ́jọ́ kan, síbẹ̀ kí ewu pọ̀ sí i nítorí pé afẹ́fẹ́ ń kó ti àná láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ìkejì. Àjọ Scottish Avalanche Information Service máa ń gbé ìròyìn jáde lójoojúmọ́ láti nǹkan bí àárín oṣù kejìlá títí wọ oṣù kẹrin, Lochaber tí Ben Nevis wà sì jẹ́ ọ̀kan lára àgbègbè mẹ́fà tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ìpele márùn-ún ni wọ́n pín ewu náà sí. Ẹ má ṣe wo iye ìpele nìkan. Ẹ wo apá òkè tí wọ́n sọ pé ewu náà wà, nítorí ìyẹn ni yóò sọ fún yín bóyá ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gùn ún dandan, ẹ gba olùdarí tó ní ìwé ẹ̀rí Winter Mountain Leader. Ìwé ẹ̀rí ìgbà ẹ̀rùn lásán kò tó. Ẹ tún lè lo ọjọ́ kan tàbí méjì láti kọ́ ìrìn òkè ìgbà òtútù. Àwọn olùkọ́ wà ní Fort William fúnra rẹ̀, Glenmore Lodge tí í ṣe ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti orílẹ̀-èdè náà sì wà nítòsí Aviemore, ní ìhà ìlà-oòrùn. Ní tèmi o, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dùn ju téńté lọ, nítorí pé ẹ ó máa lo ohun tí ẹ kọ́ títí ayé.

Ìyá_Arìnrìnàjò:

Àwọn ọkùnrin ti ń jà lórí téńté, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kẹta, nítorí pé orí rẹ̀ ni ìsinmi Arìnnà dúró sí.

Omi Steall wà ní ìparí Glen Nevis, ó sì ń já bọ́ láti 120 mítà. Láti ibùdó ọkọ̀ tó wà ní ìparí títì, ìrìn náà kò gùn, ó sì gba inú àfonífojì tóóró olókùúta kan tí omi ń hó gùdù nísàlẹ̀ rẹ̀ kí ó tó ṣí sí pápá gbalasa lójijì. Ní àkókò tí òtútù bá mú gan-an, apá kan omi náà a máa di yìnyín. Àmọ́ ṣá o, ọ̀nà kékeré náà ní ibi tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ ọ̀gbun, omi tó ń ṣàn gba orí rẹ̀ sì máa ń dì ní òru. Ẹ má ṣe rò pé nítorí pé ó kúrú ni yóò fi rọrùn. Wáyà mẹ́ta tí wọ́n nà kọjá odò níbẹ̀ bí afárá, ẹ fi sílẹ̀ nígbà òtútù.

Fún ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀ ṣáá, ẹ lọ sí Banavie tó wà nítòsí Fort William. Ibodè omi mẹ́jọ, tó ń gbé ọkọ̀ ojú omi gòkè tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ló tò léra níbẹ̀ lórí Caledonian Canal, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́, Neptune's Staircase ni wọ́n ń pè wọ́n. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ẹ sì lè rìn lẹ́bàá omi náà jìnnà bí ó bá ti wù yín. Bí ìkúùkù bá ká, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ojú àríwá Ben Nevis dáadáa, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó gun òkè náà nígbà ẹ̀rùn kì í rí rárá nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n gbà.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa àwọn ohun tí wọ́n máa ń tì. Ọkọ̀ orí wáyà ti Nevis Range, tó ń gbé ènìyàn dé 650 mítà lórí òkè Aonach Mòr, sábà máa ń wà ní títì láti nǹkan bí àárín oṣù kọkànlá sí àárín oṣù kejìlá fún àtúnṣe ọdọọdún, bí ẹ̀fúùfù bá sì le, wọn kì í jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin elédùú tí gbogbo ènìyàn mọ̀, Jacobite, kì í ṣiṣẹ́ nígbà òtútù. Ìyẹn kò gbọ́dọ̀ bà yín nínú jẹ́, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin tí àwọn ará àdúgbò ń wọ̀ lọ sí Mallaig, ìlú etíkun kan, ń gba orí afárá Glenfinnan kan náà kọjá ní gbogbo ọdún, ẹ ó sì rí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í rántí: ìparí oṣù kejìlá kì í ṣe àkókò tí àlejò dínkù. Ọdún tuntun ni àwọn ará Skọ́tlándì ń ṣe tọkàntara, yàrá a máa kún, owó a sì gòkè. Ọjọ́ 1 àti ọjọ́ 2 oṣù kìíní ni ìsinmi ìjọba níbẹ̀, ilé oúnjẹ tó bá ṣí kò ní pọ̀.

Arìnnà:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọkọ mi ti ka gbogbo rẹ̀, ó sì ní kí n sọ pé àwọn wáyà mẹ́ta yẹn gan-an ló wu òun jù. Mo ti dá a lóhùn.

A ti yọ oṣù kejìlá kúrò. Ó ku ìparí oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Ṣé a nílò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́? Àwa méjèèjì kò fẹ́ràn wíwa ọkọ̀ lórí yìnyín.

Ọmọ_Rélùwéè:

Ẹ má gbé ọkọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ènìyàn ń yá ní Brítéènì kò ní táyà ìgbà òtútù, nítorí òfin kò fi dandan lé e, títì tó lọ sí ìparí Glen Nevis sì há débi pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbà, ó sì máa ń yọ̀.

Caledonian Sleeper, ọkọ̀ ojú irin tí ènìyàn lè sùn nínú rẹ̀, ń gbéra láti ibùdókọ̀ Euston ní Lọ́ńdọ̀nù ní alẹ́, ó sì ń gúnlẹ̀ sí Fort William ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kì í rìn ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Àǹfààní ńlá kan wà nínú wíwọ̀ ọ́ ní ìparí oṣù kejì tí kò sí ní oṣù kejìlá: ilẹ̀ yóò ti mọ́ kí ẹ tó dé pápá Rannoch Moor, ẹ ó sì máa wo àgbọ̀nrín nínú òjò dídì láti ojú fèrèsé. Ẹ ó kọjá ní Corrour, ibùdókọ̀ tó ga jù lọ ní ojú irin ńlá Brítéènì, ní 408 mítà, tí kò sí títì ọkọ̀ gbogbo ènìyàn kankan tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba Glasgow, ọkọ̀ ojú irin wà láti Queen Street, bọ́ọ̀sì Citylink tó ń gba inú Glencoe sì wà pẹ̀lú. Láti ìlú dé ibi tí ọ̀nà Ben Nevis ti bẹ̀rẹ̀, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 3, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ti Steall ló jìnnà, takisí ni ẹ máa nílò níbẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀líle:

Ìparí oṣù kejì dára. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ti lé ní wákàtí 10 nígbà náà, òjò dídì orí òkè sì sábà máa ń pọ̀ ju ti oṣù kejìlá lọ, nítorí pé ó ti ń kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù. Mo ti ro ọ̀rọ̀ Àgbà nípa ọwọ́ tí kò dánra wò, mi ò sì ní jiyàn sí i fún ẹni tí kò tíì tẹ òjò dídì rí.

Ohun tí màá dábàá ni adágún tí wọ́n ń pè ní Lochan Meall an t-Suidhe. Ó wà ní nǹkan bí 570 mítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ben Nevis, kò sì tíì dé ibi tí ọ̀nà náà ti le. Ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀ ní ìdajì ọjọ́. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀nà ti di yìnyín kí ẹ tó débẹ̀, ẹ yí padà, ẹ kò pàdánù nǹkankan, nítorí àfonífojì náà ti ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti aṣọ, ẹ má wọ òwú sún mọ́ ara. Bí òwú bá ti mu òógùn tàbí òjò, kì í tètè gbẹ, òtútù rẹ̀ a sì máa wọ egungun. Irun àgùntàn dára, kí ẹ fi aṣọ tó ń mú ara gbóná lé e, kí èyí tí òjò àti afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ sì wà lókè. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ méjì-méjì, torí pé ẹ̀fúùfù máa ń gba ọ̀kan lọ́wọ́ ènìyàn. Tọ́ọ̀ṣì tí a ń so mọ́ orí kò ṣeé fi sílẹ̀, kódà bí ẹ bá rò pé ẹ ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá_Arìnrìnàjò:

Kí n fi kún un pé òtútù máa ń jẹ bátìrì fóònù. Ẹ fi sí àpò inú tó sún mọ́ ara, ẹ má ṣe fi òun nìkan ṣe máàpù. Bí wàhálà bá dé, nọ́ńbà 999 ni ẹ ó pè, ẹ bèèrè ọlọ́pàá, kí ẹ sì sọ pé ẹgbẹ́ adóòlà orí òkè ni ẹ nílò. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n, wọn kì í sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gbà là. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà «register» ránṣẹ́ sí 999, kí ẹ sì tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá fi dá yín lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè wọ́n níbi tí agbára fóònù kò bá tó láti sọ̀rọ̀. Fèrè kékeré náà wúlò: ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fọn ún.

Awojú_Ọjọ́:

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkèèrè, mo sì rò pé Arìnnà yóò fẹ́ mọ̀ pé àwọn ènìyàn kan ti gbé orí Ben Nevis rí, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Láti 1883 sí 1904, ilé ìwojú-ọjọ́ kan wà ní téńté, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ń kọ ìwọ̀n òtútù, afẹ́fẹ́ àti òjò sílẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, tọ̀sán tòru. Àkọsílẹ̀ wọn fi hàn pé bí a bá pín òtútù àti ooru gbogbo ọdún dọ́gba, díẹ̀ ni yóò fi wà nísàlẹ̀ òdo. Òjò dídì máa ń bo ilé náà débi pé wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ kékeré kan sórí rẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi gbà jáde. Orí àwókù ilé ìṣọ́ yẹn ni àtíbàbà pàjáwìrì tó wà lókè lónìí dúró sí. Ní oṣù kẹsàn-án 1894, ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, C. T. R. Wilson, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ohun tí oòrùn ń ṣe lára ìkúùkù sì wú u lórí débi pé ó lọ ń gbìyànjú láti ṣe ìkúùkù nínú ilé ìwádìí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìkúùkù (cloud chamber) tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1927 ti bẹ̀rẹ̀.

Arìnnà:

Ẹ wò ó, a ti pinnu. Ìparí oṣù kejì ni a ń lọ, ọkọ̀ ojú irin alẹ́ ni a ó wọ̀. A ó gba olùdarí fún ọjọ́ kan kí ó kọ́ wa ní lílo àáké àti irin abẹ́ bàtà, a ó fẹsẹ̀ rìn dé adágún ní ọjọ́ mìíràn, Steall àti Mallaig yóò gba èyí tó kù. Ìbéèrè kan ló ṣẹ́kù: ọjọ́ wo ni kí a fún olùdarí náà, níwọ̀n bí a kò ti lè mọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí?

Àgbà_Òkè:

Ẹ fún un ní ọjọ́ kejì, kí ẹ sì bi í kí ẹ tó sanwó bóyá ó lè sún un sí ọjọ́ kẹta. Púpọ̀ nínú wọn kì í fagi lé ọjọ́ iṣẹ́ nítorí ojú ọjọ́. Wọ́n á kàn yan òkè mìíràn tàbí apá mìíràn tí ẹ̀fúùfù kò dé, èyí sì bá ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ mu. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ka àsọtẹ́lẹ̀ Mountain Weather Information Service fún ìhà West Highlands. Kì í ṣe ti ìlú ni wọ́n ń sọ bí kò ṣe ti orí òkè, wọ́n sì máa ń kọ bí ẹ̀fúùfù yóò ṣe le tó àti bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé téńté òkè kò ní wà nínú ìkúùkù. Ọjọ́ tí iye ìkẹyìn yìí bá ga jù ni kí ẹ fi wọ ọkọ̀ Mallaig tàbí kí ẹ fi lọ sí adágún, kí ẹ lè rí nǹkan wò. Ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò nílò ìríran tó jìnnà. Ẹ sì sọ ìwọ̀n bàtà yín fún olùdarí náà ṣáájú, nítorí pé irin abẹ́ bàtà kì í dúró dáadáa lórí bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Ó lè bá yín yá bàtà tó le ní ìlú kí ẹ tó dé.